Bí ọmọ ṣe lè máa díje nínú gymnastics láì kó ilé sí gbèsè

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin wa, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ń kọ́ gymnastics, ìyẹn eré ìdárayá tí wọ́n ti ń tàkìtì, fún nǹkan bí ọdún méjì. Láìpẹ́ yìí ni olùkọ́ rẹ̀ pè wá, ó ní ọmọ náà yẹ ní ẹni tí ń wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ó ń díje. Inú ọmọ dùn kọjá sísọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi àti bàbá rẹ̀ wo owó oṣooṣù tí wọ́n kọ fún wa, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí a ń san tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn òbí tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ sì ń sọ pé owó oṣooṣù yẹn kò tí ì tó ìdajì ohun tí a máa ná. A ní ọmọ méjì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. A kò fẹ́ já a kulẹ̀, a kò sì fẹ́ torí eré di onígbèsè. Kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ̀yin ìyá àti bàbá rẹ̀. Ó dára púpọ̀ pé ẹ béèrè kí ẹ tó buwọ́ lùwé, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí tí ń wá ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ ti wọ ẹgbẹ́, tí ó ti yan ọ̀rẹ́ síbẹ̀, tí ojú sì ń ti òbí láti sọ pé owó kò sí mọ́, ni wọ́n tó ń wá. Ọ̀nà wà tí ọmọ fi lè díje láì da ilé rú. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń wá ọ̀nà náà kọ́ ni ó wà. Wọ́n á máa ṣọ́ owó aṣọ àti owó ìpápánu ṣọ́ra, bẹ́ẹ̀ ohun méjì ni ó ń pinnu iye tí eré yìí yóò ná ìdílé: iye wákàtí tí ọmọ ń lò nínú gbọ̀ngàn lọ́sẹ̀, àti iye ìdíje tí ó ń lọ lọ́dún, pàápàá èyí tí ó jìnnà sílé. Bí ẹ bá di ohun méjì yìí mú ṣinṣin, ìyókù kò ní ga jù yín lọ. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí ẹlòmíràn máa pinnu wọn fún yín, kò sí ẹ̀dínwó orí aṣọ tí ó lè kó yín yọ.

Kí ẹ má baà rò pé ńṣe ni ẹgbẹ́ ń rẹ́ òbí jẹ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí owó náà ń lọ. Gymnastics wà lára àwọn eré tí ń gba àyè àti ohun èlò púpọ̀. Ohun èlò mẹ́rin ni àwọn obìnrin ń díje lórí rẹ̀: tábìlì tí wọ́n ń sáré fò kọjá, ọ̀pá méjì tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń rìn tí wọ́n sì ń tàkìtì lórí rẹ̀, àti orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi orin ṣe é. Ti àwọn ọkùnrin jẹ́ mẹ́fà. Orí ilẹ̀ nìkan gba mítà 12 ní gígùn àti mítà 12 ní fífẹ̀, ohun tí ń ta ènìyàn sókè sì wà lábẹ́ rẹ̀ káàkiri. Ẹ fi máàtì nípọnnípọn kún un, kí ẹ fi kòtò fóòmù tí àwọn ọmọ ń já sí kún un, àti owó ilé, owó iná àti owó adójútòfò. Lékè gbogbo rẹ̀, olùkọ́ kan kò lè dá bójú tó ọmọ ogún lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ọmọ tí ó ń kọ́ bí a ṣe ń tàkìtì sẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ àgbàlagbà lẹ́yìn rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà. Wákàtí olùkọ́ ni ẹ ń rà, ìdí sì nìyí tí mo fi ní wákàtí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Nígbà tí ọmọ bá bọ́ sínú ẹgbẹ́ ìdíje, ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wákàtí rẹ̀ á fò láti méjì lọ́sẹ̀ sí mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án. Bí ó ti ń gòkè ní ìpele, wákàtí náà á máa gòkè, ó lè dé ogún lọ́sẹ̀, owó á sì máa tẹ̀ lé e. Ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn dókítà tí ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ń ṣe eré ìdárayá máa ń fún òbí: kí wákàtí tí ọmọ ń lò lọ́sẹ̀ nínú eré tí àgbàlagbà ṣètò fún un má ju iye ọdún rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, wákàtí mẹ́jọ, kí ó má sì jù bẹ́ẹ̀. Ìlera ni wọ́n torí rẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé egungun tí ó ṣì ń dàgbà kì í fara da àṣetúnṣe tí ó pọ̀ jù, ọrùn ọwọ́, gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn ni ó sì kọ́kọ́ máa ń fi hàn nínú eré yìí. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà dáàbò bo àpò òbí pẹ̀lú, nítorí pé ìpalára ọmọ kan lè gba owó dókítà àti owó ẹni tí ń tọ́ eegun àti iṣan, títí tí yóò fi ju owó gbogbo sáà kan lọ.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó béèrè ni bóyá ẹgbẹ́ náà ní ọ̀nà ìdíje tí wákàtí rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, USA Gymnastics tí ó ń darí eré náà níbẹ̀ la ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Ọ̀kan jẹ́ ìpele mẹ́wàá tí ń gòkè lọ tààrà. Èkejì ni wọ́n ń pè ní Xcel, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpele Bronze, tí ìlànà rẹ̀ fún olùkọ́ ní àyè láti to eré sí ìwọ̀n ohun tí ọmọ lè ṣe, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì ń fi wákàtí tí ó kéré kọ́. Ọmọ tí ó wà nínú Xcel ń wọ aṣọ ìdíje bíi ti àwọn yòókù, ó ń jáde síwájú adájọ́, ó ń gba àmì-ẹ̀yẹ. Àwọn kan máa ń wo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bí ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe sí. Èrò yẹn kò tọ́, ó sì ń ná ọ̀pọ̀ ìdílé ní owó tí wọn kò ní, torí pé ohun tí ó mú ọmọ wọn lọ sí ọ̀nà tí ó wọ́n ju ti àpò wọn lọ kò ju pé ojú ń ti òbí láti yan èyí tí ó rọ̀.

Ẹ̀rù tí ó wà nídìí ìtìjú yẹn ni pé bí ọmọ kò bá tètè sáré, ó ti pẹ́ jù. Ẹ jẹ́ kí n tú ẹ̀rù náà palẹ̀. Láti 1997 ni àjọ àgbáyé tí ń darí eré yìí, FIG, ti fi òfin lélẹ̀ pé ọmọbìnrin kò lè bá àwọn àgbà díje ní ìdíje àgbáyé tàbí Olympics àfi bí ó bá máa pé ọmọ ọdún 16 nínú ọdún náà. Ọdún mẹ́jọ ṣì wà níwájú ọmọ yín kí òfin yẹn tó kàn án rárá. Oksana Chusovitina, obìnrin eléré gymnastics tí wọ́n bí ní 1975, gba fàdákà nínú fífò kọjá tábìlì ní Olympics Beijing ní 2008, ó tún jáde ní Tokyo ní 2021, nígbà tí ọmọ tirẹ̀ ti di géńdé. N kò sọ pé ibẹ̀ ni ọmọ yín ń lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọdún kan tàbí méjì tí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá fi wákàtí díẹ̀ kọ́ eré kò ba ohunkóhun jẹ́ fún un, ì báà jẹ́ pé eré náà yóò di iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kò ní dì í. Wọ́n lè pa á lówe fún yín pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí ó ni àáké ni wọ́n pa òwe yẹn fún. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ máa yá àáké ni, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Kí ẹ tó padà lọ bá ẹgbẹ́ náà, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó, kí ẹ pinnu iye tí ilé yín lè yọ̀ǹda fún eré ọmọ yìí lọ́dún. Ọdún ni mo wí, n kò wí oṣù. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó oúnjẹ, owó ilé, owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó ìlera àti ohun tí ẹ ń fi pamọ́. Ẹ tún yọ ohun tí àwọn àbúrò rẹ̀ yóò béèrè, nítorí pé àwọn náà yóò ní ohun tí ọkàn wọn fẹ́ láìpẹ́, kò sì dára kí wọ́n dàgbà sínú ilé tí owó ti ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo jáde. Nínú ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni ẹ óò ti mú ti gymnastics. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ òun ni ẹ óò gbé lọ síwájú ẹgbẹ́, dípò kí ẹgbẹ́ gbé iye tirẹ̀ wá kí ẹ wá máa ronú bí ẹ óò ṣe bá a. Ìdílé tí ó bá ní iye lọ́wọ́ máa ń rí ọ̀nà. Ìdílé tí kò ní in á máa sọ pé ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni, títí ọdún yóò fi parí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí ẹgbẹ́ náà, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè kan: ní sáà tí ó kọjá, èló ni ìdílé tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìpele yìí san lápapọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Òótọ́ ni àwọn òbí yẹn sọ fún yín, owó oṣooṣù wulẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ orílẹ̀-èdè wà lọ́tọ̀, owó wíwọ ìdíje kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tún máa ń pín owó ọkọ̀, ibùsùn àti oúnjẹ olùkọ́ lé àwọn òbí lórí nígbàkígbà tí wọ́n bá rìnrìn àjò lọ sí ìdíje, èyí sì ni ó máa ń ya òbí tuntun lẹ́nu jù, nítorí pé kì í sábà sí nínú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Aṣọ ìdíje, aṣọ àwọ̀lékè, àpò, owó ẹni tí yóò to eré orí ilẹ̀, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkókò ìsinmi, gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ó ti yẹ yóò dáhùn yín láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí iye náà bá dé, ẹ pín in sí 12, kí ẹ sì máa ya ìdá kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù láti ìsinsìnyí, kí owó ìdíje má baà bá yín lójijì kí ẹ wá lọ yá a.

Bí ìwé àdéhùn bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ibi méjì ni kí ẹ kà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èkíní ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá farapa: ṣé owó kíkún ni ẹ óò máa san ní gbogbo oṣù tí ọwọ́ rẹ̀ fi wà ní dídì? Èkejì ni bí ẹ ṣe lè jáde: oṣù mélòó ṣáájú ni ẹ gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́, àti pé owó èwo ni kò ní padà mọ́? Gbogbo rẹ̀ ni ó ṣeé jíròrò kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ti bọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ ìdíje, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń jò jù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ihò náà. Ẹ wo ohun tí ọjọ́ ìdíje jẹ́ fún ọmọ. Yóò dé ní òwúrọ̀, wọn yóò ti di irun rẹ̀ le, yóò na ara, yóò fi ìṣẹ́jú díẹ̀ dán ohun èlò kọ̀ọ̀kan wò, lẹ́yìn náà ni yóò jókòó de àwọn tí orúkọ wọn ṣáájú. Nígbà tí ó bá kàn án, fífò kọjá tábìlì kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Ti orí ọ̀pá kì í sábà pé ìṣẹ́jú kan. Orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti orí ilẹ̀, òfin àgbáyé kò gbà kí èyíkéyìí nínú wọn ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ, ti àwọn ọmọdé sì tún kúrú sí i. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọmọ fi wà lójú adájọ́. Ìṣẹ́jú wọ̀nyí níye lórí fún ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ láti dá dúró níwájú ènìyàn kí ó sì parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀, kódà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀. Ṣùgbọ́n igi tí ó wà ní gbọ̀ngàn ìtòsí yín fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó sì gùn ní mítà 5, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni èyí tí ó wà ní ìlú tí ẹ óò wọ ọkọ̀ òfurufú kí ẹ tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò ní rí ohunkóhun kọ́ ní òkèèrè tí kò lè kọ́ nítòsí.

Ẹ béèrè pé ìdíje wo ni ó jẹ́ dandan, èwo ni kì í ṣe dandan. Nínú ọ̀pọ̀ ètò, ohun tí ọmọ nílò kí ó tó lè dé ìdíje ìparí sáà ni pé kí ó gba iye máàkì kan nínú ìdíje tí àjọ fọwọ́ sí, kì í ṣe pé kí ó lọ sí gbogbo rẹ̀. Ní èrò tèmi, ìdíje mẹ́ta tàbí mẹ́rin nítòsí tó fún ọdún àkọ́kọ́. Bí èyí tí ó jìnnà bá pọn dandan, kí òbí kan ṣoṣo tẹ̀ lé ọmọ, kí ẹ sì bá ìdílé mìíràn pín ọkọ̀ àti ibùsùn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àwọn tí ó ṣètò ìdíje náà fi dandan mú ìdílé láti sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yàn, nítorí pé àwọn ìdíje ńlá kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń wọ́n ju ti ìtòsí rẹ̀ lọ. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí òbí tí ó sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà pé ìdíje mẹ́ta ni agbára òun ká. Ohun tí ó máa ń bí olùkọ́ nínú ni kí a forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí a sì yọ ọ́ nígbà tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ti aṣọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sí adájọ́ tí ń fi máàkì kún ti ọmọ nítorí pé òkúta aṣọ rẹ̀ ń dán. Kí aṣọ bá ara mu, kí ó sì bá òfin mu, ó parí. Bí àwọn òbí bá pa ohùn pọ̀, wọ́n lè rọ ẹgbẹ́ kí aṣọ ìdíje kan máa lo ọdún méjì kí wọ́n tó yí i padà, kí èyí tí ó ti kéré jù fún ọmọ kan sì kọjá sọ́dọ̀ àbúrò tàbí ọmọ mìíràn ní owó tí kò tó nǹkan. Ẹ má ṣe ra èyí tí ó tóbi jù pé kí ó lè pẹ́ lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé aṣọ tí ó ń yọ̀ lára ń dí ọmọ lọ́wọ́ lórí ọ̀pá. Ní ti awọ tí wọ́n ń so mọ́ àtẹ́lẹwọ́ fún orí ọ̀pá, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ bá ní ó tó àkókò, èyí tí ó bá ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ mu gan-an ni kí ẹ rà ní tuntun. Awọ àlòkù tí ó ti nà lè há mọ́ ọ̀pá, ọrùn ọwọ́ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀ nínú ètò bíi ti Amẹ́ríkà, eré kan náà ni gbogbo ọmọ tí ó wà ní ìpele kan ń ṣe, àjọ ni ó sì yan orin rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ sanwó fún ẹni tí yóò to eré orí ilẹ̀ fún ọmọ tí ó wà ní irú ìpele bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ àdáni náà kò yẹ kí ó di àṣà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní ìwúlò rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù ohun kan bá mú ọmọ tàbí tí ohun kan bá le fún un fún ìgbà pípẹ́, ọmọ méjì sì lè pín wákàtí kan àti owó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ kò lè tẹ̀ síwájú láì sí ẹ̀kọ́ àdáni, ó yẹ kí a bi ẹgbẹ́ léèrè ohun tí wákàtí tí a ti sanwó rẹ̀ ń ṣe.

Ẹ má ra ọ̀pá tàbí trampoline, ohun tí ń ta ọmọ sókè bí ó bá fò lórí rẹ̀, sílé. Ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ń kìlọ̀ fún àwọn òbí nípa trampoline inú ilé nítorí iye ọmọ tí ń farapa lórí rẹ̀. Ohun tí ọmọ lè ṣe nílé láìléwu kò gba owó: kí ó fi ọwọ́ dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ògiri, kí ó máa na itan àti èjìká, kí ó máa mú ikùn le. Ẹ fi téèpù fa ìlà méjì sórí ilẹ̀, kí àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, kí gígùn wọn jẹ́ mítà 5 bí ilé bá gbà á. Kí ọmọ máa rìn lórí rẹ̀ pẹ̀lú orí ìka ẹsẹ̀, kí ó máa yí padà, kí ó máa fò díẹ̀ kí ó sì balẹ̀ láì tẹ ìlà. Olùkọ́ rẹ̀ yóò rí ìyàtọ̀ láàárín oṣù kan.

Ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ ni ó kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí pé ìtìjú kì í jẹ́ kí àwọn òbí tí ó nílò rẹ̀ jù lọ béèrè. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní owó kékeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè san gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í kéde rẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tí ń darí ẹgbẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ sọ iye tí ẹ lè san, ẹ sì sọ ohun tí ẹ lè fi iṣẹ́ ọwọ́ yín ṣe. Ẹgbẹ́ nílò ẹni tí yóò kọ ìwé ìṣirò, ẹni tí yóò to máàtì, ẹni tí yóò dúró sídìí tábìlì máàkì ní ọjọ́ ìdíje, ibòmíràn sì wà tí wọ́n ń yọ owó fún òbí tí ó bá kọ́ iṣẹ́ adájọ́. Ẹ tún wo ẹgbẹ́ tí ìjọba ìlú tàbí ilé-ìwé ń bójú tó, kódà bí gbọ̀ngàn rẹ̀ kò bá rẹwà. Rebeca Andrade, ọmọ Brazil tí ó gba wúrà nínú fífò kọjá tábìlì ní Tokyo ní 2021, tí ó sì tún gba wúrà orí ilẹ̀ ní Paris ní 2024, inú ètò tí ìlú Guarulhos ń ṣe fún àwọn ọmọdé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tí ó dá tọ́ òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, tí ó ń fi iṣẹ́ ìtọ́jú ilé onílé jẹun, a máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ kí owó ọkọ̀ lè wà fún ọmọ. Ìfẹ́ ìyá náà tóbi, ṣùgbọ́n bí kò bá sí gbọ̀ngàn tí owó rẹ̀ kò ga ní ìlú yẹn, ìfẹ́ nìkan kì bá tí gbé ọmọ débẹ̀.

Bí àwọn òbí bá ń kó owó jọ fún ẹgbẹ́, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín in. Ní 2013, ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ owó-orí ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ ẹgbẹ́ àwọn òbí kan ní Virginia tí ń kó owó jọ fún àwọn ọmọ tí ń ṣe gymnastics. Ohun tí ó fa ẹjọ́ ni pé èrè tí òbí kọ̀ọ̀kan bá mú wọlé, owó ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ń dín kù, ilé-ẹjọ́ sì fara mọ́ ọn pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń yọ̀ǹda owó-orí fún bí ẹgbẹ́ aláàánú. Òfin orílẹ̀-èdè yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ti òfin, ètò yẹn kò bá ẹ̀tọ́ mu. Òbí tí ó ní ojúlùmọ̀ olówó ni ó máa ń rí nǹkan tà, òbí tí ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ kò rí àyè, bẹ́ẹ̀ ọmọ tirẹ̀ ni ó nílò ìrànwọ́ jù. Kí owó tí gbogbo ènìyàn kó jọ san ohun tí gbogbo ọmọ ń lò, bí owó ọkọ̀ olùkọ́ àti owó àjọ, kí ìyókù sì ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owó tí ẹ ń ná lónìí yóò padà wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní yunifásítì, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìṣirò. Ní Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́pọ̀ jù lọ, àwọn yunifásítì tí ó ní ẹgbẹ́ gymnastics obìnrin lábẹ́ NCAA, àjọ tí ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀, kò tó 100, ti ọkùnrin kò tó 20, àwọn ọmọ tí ń wá àyè níbẹ̀ sì ń ti gbogbo ayé wá. Bí ẹ bá ń sanwó fún eré ọmọ, kí ó jẹ́ nítorí ohun tí eré náà ń ṣe fún un ní ọdún yìí.

Níbi kan ni mi ò gbà kí ẹ ti dín owó kù, ìyẹn ni ààbò. Ẹ má kó ọmọ kúrò lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí owó rẹ̀ rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé ẹ̀rí, tí máàtì rẹ̀ ti fàya, tàbí tí kì í jẹ́ kí òbí jókòó wo ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ohun tí ayé gbọ́ ní ilé-ẹjọ́ ní Michigan ní 2018, nígbà tí àwọn obìnrin tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ sọ bí Larry Nassar, dókítà àwọn eléré gymnastics, ṣe bá wọn ṣèṣekúṣe láti kékeré, kò sí òbí tí ó yẹ kí ó gbà pé kí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn tì mọ́ òun. Ọ̀rọ̀ owó kan ibí yìí ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Òbí tí ó ti jẹ gbèsè nítorí eré máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó fi ẹ̀sùn kan olùkọ́ tàbí kí ó yọ ọmọ kúrò, nítorí pé ó dà bí ẹni pé gbogbo ohun tí ó ti ná yóò ṣòfò. Ìdí pàtàkì nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí owó tí ẹ ń ná mọ ní èyí tí ẹ lè fi sílẹ̀ lọ́la láìbojú wẹ̀yìn, kí ó má baà di ohun tí ń pa yín lẹ́nu mọ́.

Ọmọ ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbọ́ òtítọ́ bí a bá sọ ọ́ níwọ̀n. Ẹ sọ fún un pé ẹ ní iye kan fún eré rẹ̀ lọ́dún, pé ìdíje mẹ́ta ni ẹ óò lọ, pé inú yín dùn sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa gbọ́ iye tí ó ń ná yín nígbàkígbà tí ó bá ṣubú lórí igi tàbí tí kò gba àmì-ẹ̀yẹ, nítorí pé ọmọ tí ó bá rò pé òun ni ó ń fa ìnira ilé yóò máa fi ìrora pamọ́, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ tí ó ń dùn ún fò.

Ní ti ìpè tí ẹ gbà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tí ì kọ̀ ọ́, kí ẹ má sì tí ì gbà á bí wọ́n ṣe gbé e wá. Ẹ béèrè fún ọ̀nà tí wákàtí rẹ̀ kéré jù ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ sọ iye ìdíje tí ẹ lè lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo owó ọdún náà sórí ìwé, kí ẹ sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ohun tí wọ́n kọ bá wọ inú iye tí ẹ ti pinnu, ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sí àárín sáà tí ẹ óò tún jókòó yẹ owó wò pẹ̀lú wọn. Bí kò bá wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ máa bá kíláàsì tí ó wà lọ títí di sáà tí ń bọ̀, kí ẹ sì fi àkókò náà wo ẹgbẹ́ méjì mìíràn ní àyíká yín, nítorí pé owó fún wákàtí kan náà lè yàtọ̀ gan-an láti gbọ̀ngàn kan sí èkejì.